Ikú Olùdíje Mẹ́ta: Àkọ́sẹ̀bá ni tàbí Ọwọ́ Ènìyàn?

Nígbà tí ikú bá ń tẹ̀lé ikú, òwe kan ni Yorùbá sáábà máa ń pa: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Irú èrò yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi dájọ́ ikú mẹ́ta tí ó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà láàárín oṣù méje. Ó yẹ kí á gbé ìdájọ́ náà yẹ̀ wò.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá 1997, Ọ̀gágun Shehu Musa Yar'Adua, tí ó ti du ipò ààrẹ ní 1992, kú sí ẹ̀wọ̀n ní Abakaliki. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà 1998, Ọ̀gágun Sani Abacha kú lójijì ní Abuja. Ẹgbẹ́ òṣèlú márààrún ti fa òun nìkan kalẹ̀ fún ìdìbò oṣù Kẹjọ ọdún náà. Ní ọjọ́ 7 oṣù Keje, Olóyè Moshood Abíọ́lá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, tí ó jáwé olúborí ní 1993, kú ní àtìmọ́lé. Ibi tí ó ti ń bá àwọn aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ ni àìsàn ti kọlù ú.

Ìtàn Ọ̀yọ́ fi hàn wá bí a ṣe ń dá ikú tí ọwọ́ kan wà nídìí rẹ̀ mọ̀. Gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ti kọ ọ́ sílẹ̀, nígbà tí Baṣọ̀run Gáà ń pàṣẹ, láti nǹkan bí 1754, ọjọ́ 17 péré ni Lábísí lò, Awọnbíojú sì lo ọjọ́ 130. Kò sí ẹni tí ó pe èyí ní àkọ́sẹ̀bá. Ẹnì kan náà ni ó ní agbára, òun náà ni ó ń jèrè, gbogbo ìlú sì mọ ọ̀nà tí ó ń gbà.

Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn ikú mẹ́ta wa, wọn kò bára mu. Abacha kò lè jèrè ikú ara rẹ̀, ó sì ti kú kí Abíọ́lá tó kú. Wọ́n sin ín ní Kano lọ́jọ́ náà gan-an láìṣe àyẹ̀wò òkú, nítorí náà ni àhesọ fi rí àyè. Ní ti Abíọ́lá, àwọn dókítà láti Kánádà, Bírítéènì àti Amẹ́ríkà yẹ òkú rẹ̀ wò, wọ́n ní àrùn ọkàn tí ó ti pẹ́ lára rẹ̀ ni ó pa á. Ẹ jẹ́ kí á ka àwọn tí ó yè pẹ̀lú: Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tí wọ́n dá lẹ́bi nínú ẹjọ́ kan náà pẹ̀lú Yar'Adua ní 1995, jáde láàyè, ó sì wọlé ìbò ní 1999.

Síbẹ̀, a kò lè pe gbogbo rẹ̀ ní àkọ́sẹ̀bá. Nínú àwọn mẹ́ta, méjì kú sí àhámọ́ ìjọba. Abíọ́lá lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀, ó sì kú ní ẹni ọdún 60. Àwọn tí ó mọ ohun tí àhámọ́ náà jẹ́ sá fún un: Wọlé Ṣóyínká gba ọ̀nà igbó wọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa yìí ní 1994. Bí kò bá tilẹ̀ sí májèlé, ẹni tí ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ aláìsàn ni yóò jíhìn ẹ̀mí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wá májèlé nìkan ti dá onítúbú sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá láàfin pẹ̀lú. Bí oyè bá ṣófo, tí ọmọ oyè méjì sì kú tẹ̀lé ara wọn, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìdílé kan tètè nàka sí ìdílé kejì. Kí á yẹ ikú kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀, kí á ka àwọn tí ó wà láàyè, kí á sì béèrè ẹni tí ìtọ́jú wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni a tó lè sọ pé àjẹ́ àná ni.