Ìgbéyàwó àti Ìjọba ní Ìdílé Habsburg

Eré kan wà lórí kọ̀ǹpútà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Crusader Kings, tí ilé-iṣẹ́ Paradox ti ìlú Stockholm ní ilẹ̀ Swídìn kọ́kọ́ gbé jáde ní 2004. Ẹni tí ó ń ta ayò yìí kì í darí ọba kan ṣoṣo. Ìdílé ni ó ń darí. Bí olórí ìdílé bá kú, ọ̀tayò a bọ́ sí ipò àrólé rẹ̀, eré a sì máa bá a lọ láti ìran dé ìran. Ogun wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀tayò tí ó gbọ́n mọ̀ pé ìyàwó tí a fẹ́ fún ọmọ lè mú ilẹ̀ wálé ju ọmọ-ogun lọ, nítorí pé ọmọ tí ìyàwó náà bá bí lè ní ẹ̀tọ́ sí oyè ilé ìyá rẹ̀. Bí olórí ìdílé bá sì kú láìní àrólé nínú ìdílé náà, ayò parí nìyẹn. Ẹni tí kò mọ ìtàn Yúróòpù lè rò pé àwọn tí ó ṣe eré náà ni ó hùmọ̀ òfin wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ìdílé Habsburg ti ta ayò yìí tipẹ́tipẹ́, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n sì pàdánù.

Orúkọ ìdílé náà wá láti ara ilé olódi kan nítòsí odò Aare, ní ibi tí a ń pè ní Swítsàlandì lónìí. Ìjòyè tí kò fi bẹ́ẹ̀ lókìkí ni wọ́n títí di 1273, nígbà tí àwọn afọbajẹ Jámánì fi Rudolf jọba. Ní 1278 Rudolf bá Ottokar ọba Bohemia jagun, Ottokar kú sójú ìjà, nígbà tí ó sì di 1282 Rudolf fi ilẹ̀ Ọ́sítríà lé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Idà ni wọ́n fi gba ilé àkọ́kọ́. Kò tọ́, nígbà náà, kí a máa sọ ìtàn wọn bí ẹni pé ìyàwó nìkan ni wọ́n fẹ́ tí wọ́n fi di ńlá.

Ó di ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún kí ìgbéyàwó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iṣẹ́ tí a mọ̀ ọ́n mọ́. Ó yẹ kí òǹkàwé Yorùbá fi àṣà kan sọ́kàn. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ ọba obìnrin tí a fà fún ọkọ ní ìlú mìíràn kì í gbé ìlú bàbá rẹ̀ dání lọ sí ilé ọkọ. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ayé ìgbà náà, bí ọba kò bá fi ọmọkùnrin sílẹ̀, ọmọbìnrin rẹ̀ ni yóò jogún ilẹ̀, ọmọ tí ó bá sì bí fún ọkọ rẹ̀ ni yóò gbà á lẹ́yìn rẹ̀. Báyìí ni ó rí nígbà tí olórí ilẹ̀ Burgundy kú sójú ogun ní Nancy ní oṣù January, 1477. Mary, ọmọbìnrin rẹ̀, nìkan ni ó fi sílẹ̀. Nínú ọdún kan náà ni ó fẹ́ Maximilian, ọmọ Habsburg. Ọba Faransé ti gbẹ́sẹ̀ lé apá kan ilẹ̀ náà, Maximilian sì ní láti jà kí ìyókù má baà bọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Mary ṣubú lórí ẹṣin tí ó sì kú ní 1482, ọmọ wọn Philip ni ó jogún àwọn ìlú olówó bíi Bruges, Ghent àti Antwerp.

Ní 1496 Philip yìí fẹ́ Juana, ọmọ Isabel ọbabìnrin Castilla àti Fernando ọba Aragón. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó náà, kò sí ẹni tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé Juana yóò jọba, nítorí ó ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan àti ẹ̀gbọ́n obìnrin kan. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kú ní 1497. Ẹ̀gbọ́n obìnrin kú níbi ìbímọ ní 1498. Ọmọ jòjòló tí ó fi sílẹ̀ kú ní 1500. Ikú mẹ́ta yìí ni ó ṣílẹ̀kùn Sípéènì, àti ilẹ̀ tuntun ní Amẹ́ríkà, fún ìdílé Habsburg. Ọgbọ́n òṣèlú kankan kò sí nínú rẹ̀.

Ìyá wọn Isabel kú ní 1504, Juana di ọbabìnrin. Ọkọ rẹ̀ kú ní 1506. Ní 1509 bàbá rẹ̀ sé e mọ́ ààfin kan ní Tordesillas, wọ́n ní orí rẹ̀ ti dàrú. Nígbà tí bàbá náà kú ní 1516, Carlos, ọmọ Juana, ẹni tí àwọn ará Jámánì ń pè ní Karl, gba ìjọba. Ó dé Sípéènì ní 1517, ó bẹ ìyá rẹ̀ wò, ó sì fi í sílẹ̀ níbi tí ó bá a. Ibẹ̀ ni Juana wà títí ó fi kú ní 1555, ọdún 46 gbáko. Síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ ń bá ti Carlos rìn nínú ìwé àṣẹ Castilla, nítorí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀tọ́ Carlos ti ṣàn wá. Bóyá orí rẹ̀ dàrú lóòótọ́ tàbí kò dàrú, bàbá rẹ̀, ọkọ rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ni ó jẹ àǹfààní bí a ti ń sọ pé ó dàrú. Obìnrin ni ó ń ru ìjọba wọ ilé Habsburg. A kì í sábà jẹ́ kí ó jókòó lé e.

Oyè Késárì ní tirẹ̀ kì í ṣe ogún. Afọbajẹ méje ni ó ń yan ẹni tí yóò jẹ ẹ́, owó sì ni ó sọ̀rọ̀ ní 1519. Carlos ná nǹkan bí 850,000 owó wúrà. Ìdílé Fugger, àwọn oníṣòwò Augsburg, ni ó yá a ju 540,000 lọ nínú rẹ̀. Ní 1523 Jakob Fugger kọ̀wé sí Késárì láti rán an létí gbèsè náà, kò sì bò ó mọ́ ọn lójú pé láìsí owó òun, adé ìbá bọ́ sórí ẹlòmíràn.

Ní 1515, ní Vienna, Maximilian fi ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin fún Lajos, àrólé Họ́ngárì àti Bohemia, ó sì gba Anna, ẹ̀gbọ́n Lajos, fún ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. A kò tí ì mọ èwo ni yóò fẹ́ ẹ. Maximilian tìkára rẹ̀, ẹni ọdún 56, ni ó dúró bí ọkọ ìyàwó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọdébìnrin tí kò tí ì pé ọdún 12. Ferdinand, àbúrò Carlos, ni ó fẹ́ ẹ níkẹyìn ní 1521. Ní 1526 Lajos, ọmọ ogún ọdún, kú nígbà tí àwọn ará Tọ́kì ṣẹ́gun rẹ̀ ní Mohács. Kò bímọ tí yóò jogún rẹ̀, Ferdinand sì gba Bohemia pẹ̀lú ohun tí Tọ́kì fi sílẹ̀ nínú Họ́ngárì.

Ohun tí ó tẹ̀ lé èyí ni a kì í sábà fi sínú ìyìn ìdílé náà. Carlos pín ilẹ̀ fún Philip ọmọ rẹ̀ ní Sípéènì àti Ferdinand àbúrò rẹ̀ ní Ọ́sítríà. Wọ́n mọ̀ dáadáa pé ohun tí ìgbéyàwó mú wọlé, ìgbéyàwó lè mú un jáde, àwọn ìdílé ọba ńlá tí ó ṣì wà nínú ìjọ Kátólíìkì kò sì pọ̀ mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ara wọn. Philip Kejì fẹ́ ọmọ àbúrò rẹ̀ ní 1570. Philip Kẹrin náà fẹ́ ọmọ àbúrò rẹ̀, Mariana, ní 1649. Ọmọ Philip fúnra rẹ̀ ni a ti fẹ́ Mariana sọ́nà fún kí ọmọ náà tó kú ní 1646. Póòpù fún wọn ní ìyọ̀ǹda. Ohun tí àwọn bàbá wa ì bá pè ní èèwọ̀, òfin ilé ni ó jẹ́ fún wọn. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Santiago de Compostela ṣe ìṣirò rẹ̀ ní 2009: nínú ìgbéyàwó 11 tí àwọn ọba Sípéènì wọ̀nyí ṣe, 9 ni ó jẹ́ láàárín ìbátan, nínú ọmọ 34 tí a bí láti 1527 dé 1661, 17 kò pé ọdún mẹ́wàá láyé.

Ọmọ Philip àti Mariana, Carlos Kejì, ni a bí ní 1661. Ìṣirò kan náà fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ìbátan tí ó wà lára rẹ̀ tó ti ọmọ tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bá jọ bí. Ó pẹ́ kí ó tó rìn, oúnjẹ ṣòro fún un láti jẹ lẹ́nu, ó fẹ́ ìyàwó méjì, kò bímọ. Fún ọgbọ̀n ọdún ó lé ni àwọn ọba Yúróòpù fi ń dúró de ikú rẹ̀ bí ẹni ń dúró de ojú ọjà. Ó kú ní ọjọ́ kìíní oṣù November, 1700, ó ku ọjọ́ márùn-ún kí ó pé ẹni ọdún 39.

Ní 1660 ni a ti fi Maria Teresa, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, fún Louis Kẹrìnlá ọba Faransé. Lọ́dọ̀ wọn, ilé ìyàwó ni ó ń san owó: àdéhùn ni pé Sípéènì yóò san 500,000 owó wúrà, Maria Teresa yóò sì yọ ọwọ́ nínú ogún bàbá rẹ̀. Sípéènì kò rí owó náà san, àwọn agbẹjọ́rò Faransé sì sọ pé bí a kò ti sanwó, a kò yọwọ́. Nínú ìwé ìpíngún rẹ̀ Carlos fi gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ fún ọmọ-ọmọ obìnrin yìí, Philip ti ìdílé Bourbon, ọmọ ọdún 16. Àwọn Habsburg ti Ọ́sítríà jagun lé e lórí láti 1701 di 1714. Wọ́n rí ilẹ̀ díẹ̀ gbà ní Ítálì àti ní Netherlands, ṣùgbọ́n wọn kò rí Sípéènì gbà. Felipe Kẹfà tí ó gorí ìtẹ́ Madrid ní 2014, ọmọ ìdílé Bourbon náà ni.