Àwòrán Ilẹ̀ Àtijọ́ àti Ìtàn Ìkòròdú òun Ẹ̀pẹ́

Bí a bá fẹ́ tọ ìtàn ìlú kan dé ìdí, ẹnu àwọn àgbà ni a kọ́kọ́ máa ń wò. A ó gbọ́ oríkì, a ó gbọ́ orin, a ó sì béèrè ẹni tó kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó. N kò lòdì sí èyí. Òun ni iṣẹ́ tí èmi náà fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí mìíràn wà tí àwa onímọ̀ èdè kì í sábà yẹ̀ wò, èyíinì ni àwòrán ilẹ̀ àtijọ́, tí a ń pè ní máàpù. A ti tún ọ̀pọ̀ nínú wọn tẹ̀ sínú ìwé, débi pé ẹni tí kò dé Lọ́ńdọ̀nù rí lè jókòó ní Ìkòròdú tàbí ní Ẹ̀pẹ́ kí ó máa wò wọ́n.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n pè mí sí ìpàdé ẹbí kan ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan yọ ẹ̀dà máàpù kan nínú àpò, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó ní: “Ẹ̀yin bàbá, ẹ wò ó, abúlé àwọn tó ń bá wa du ilẹ̀ yìí kò sí níbẹ̀ rárá.” Inú àwọn kan dùn. Ṣùgbọ́n àgbà kan bi í pé: “Ọmọ mi, níbo ni òyìnbó yẹn dúró sí nígbà tó ń wò?” Ọmọkùnrin náà kò rí èsì fọ̀.

Orí omi ni ọ̀pọ̀ nínú wọn dúró sí. John Hawley Glover, tó ya máàpù omi Èkó ní 1859, ọ̀gágun ojú omi ni. Kí ọkọ̀ má fi ìdí sọlẹ̀ ni olórí ohun tó ń jẹ irú wọn lógún. Ohun tó bá wà ní etí ọ̀sà ni wọ́n ń fi ojú rí. Ohun tó bá wọ igbó lọ, àfi kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀. Nítorí náà, pé abúlé kan kò sí lórí máàpù kò fi hàn pé kò sí lórí ilẹ̀.

Ibi tí máàpù ti dùn mọ́ mi jù ni orúkọ. John Adams, ọlọ́kọ̀ òwò kan tó rìnrìn àjò wá sí etíkun wa láàárín 1786 sí 1800, ṣe ìwé kan tó jáde ní 1823. “Cradoo” ni òun àti àwọn ayamáàpù ìgbà náà pe ọ̀sà wa yìí. Ẹ pè é sókè dáadáa. Òyìnbó a máa gé fáwẹ̀lì iwájú orúkọ wa jù nù, bí wọ́n ṣe sọ Ìjẹ̀bú di “Jebu”. Ẹ gé ti Ìkòròdú kúrò, kí ẹ pa fáwẹ̀lì tó tẹ̀ lé e jẹ, “Cradoo” náà nìyẹn. Àwọn ará ibẹ̀ ní oko òdú ni orúkọ ìlú àwọn ti wá. Òdú kì í ṣe àìmọ̀ olóko. Ó jọ pé kì í ṣe àìmọ̀ ọlọ́kọ̀ náà. Èyí fi hàn pé orúkọ Ìkòròdú ti tàn dé etí òkun ní ìgbà pípẹ́ kí àwọn Ẹ̀gbá tó dó tì í nítorí ọ̀nà Ìbàdàn, kí Glover yìí kan náà, tó ti di aláṣẹ Èkó, tó fi àwọn ọmọ ogun lé wọn ní ọjọ́ 29, oṣù kẹta, 1865. Kò sọ bí ìlú náà ti tóbi tó, n kò sì ní fi í sọ bẹ́ẹ̀.

Ti Ẹ̀pẹ́ yàtọ̀. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní 1851, Ẹ̀pẹ́ ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sá wá. Ní ọjọ́ 28, oṣù kẹsàn-án, 1854, ó bá Consul Benjamin Campbell ṣe àdéhùn níbẹ̀: ó jọ̀wọ́ Èkó, a sì jẹ́ kí ó máa ṣòwò ní etí òkun, ní Palma àti “Leckie”. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi a máa rò pé Lẹ́kí tó wà lẹ́bàá Victoria Island ni. Wọ́n á ní, kí ni ẹni tó jọ̀wọ́ Èkó ń wá ní ẹ̀yìnkùlé Èkó? Máàpù àtijọ́ ni yóò là wọ́n lójú. Palma ni Orímẹ́dù. Lẹ́kí náà ni ìlú àtijọ́ tó wà lọ́hùn-ún ní ìlà-oòrùn, ní ìhà ibi tí wọ́n ṣí èbúté ńlá sí ní 2023. Ní òdìkejì ọ̀sà sí Ẹ̀pẹ́ ni àwọn méjèèjì wà. Ẹni tó bá fi ìka tọ ọ̀nà ọkọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ sí etí òkun yóò rí i pé Kòsọ́kọ́ mọ ohun tó ń béèrè.

Àtúntẹ̀ ní àbùkù tirẹ̀. Bí a bá fún máàpù ńlá mọ́ ojú ìwé kékeré, nọ́ńbà tó ń sọ bí omi ti jìn tó a di ìdọ̀tí, ojú ọ̀nà tí ayamáàpù fi ẹ̀kán-ẹ̀kán yà nítorí pé gbígbọ́ ló gbọ́ ọ a sì di ọ̀nà gidi. Èyí tó burú jù ni kí wọ́n gé etí rẹ̀, níbi tí ọdún àti orúkọ ayamáàpù wà.

Lẹ́yìn ìpàdé ọjọ́ náà, èmi àti ọ̀dọ́mọkùnrin wa jọ jókòó ti ẹ̀dà tó mú wá. Wọ́n ti gé etí rẹ̀. A wá abúlé tirẹ̀ náà títí, a kò rí i.