Ẹni Tó Ti Orí Python Bẹ̀rẹ̀, Ṣé Ó Lè Sọ̀ Kalẹ̀ Dé Inú Ẹ̀rọ?

Orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀: ọjọ́. Àwa mélòó kan ń kọ́ Python kí a lè fi ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹyọ nínú ìwé tí a ń ṣe iṣẹ́ lé lórí. A ní kí ó sọ iye lẹ́tà tó wà nínú ọjọ́. Mẹ́ta ni ojú wa rí, mẹ́rin ni ẹ̀rọ kà. Ọ̀rẹ́ wa kan tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó bá ti orí èdè tó rọrùn bẹ̀rẹ̀ kò lè mọ ohun tó ń lọ nínú ẹ̀rọ láéláé. Ọ̀rọ̀ náà dùn wá, la bá lọ wo ìtàn.

Àríyànjiyàn yìí ti pẹ́. Nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pàṣẹ fún un. Ní 1957, John Backus àti ikọ̀ rẹ̀ ní IBM gbé FORTRAN jáde, èdè tó sún mọ́ bí ènìyàn ṣe ń kọ ìṣirò. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti wà nídìí iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀ ò gbà. Wọ́n ní kò sí ògbufọ̀ tí yóò kọ kóòdù tó yára bíi ti ọwọ́ ènìyàn. Nígbà tó yá, èdè C náà dé. Ní 1973, wọ́n fi í tún Unix kọ, èyí tí wọ́n ti fi èdè ẹ̀rọ kọ tẹ́lẹ̀. C tí àwọn kan ń pè ní èdè ìsàlẹ̀ lónìí, èdè òkè ni nígbà náà!

Ṣùgbọ́n ìtàn tó ká wa lára jù ni ti Cambridge. Ní nǹkan bí 2006, Eben Upton tó ń kọ́ni níbẹ̀ rí i pé àwọn tó ń wá kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ti yàtọ̀. Àwọn ti 1990 sí 1999 ti máa ń kọ ètò fúnra wọn kí wọ́n tó dé. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn lè má ṣe ju ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì díẹ̀ lọ. Kí ló fà á? Ọ̀pọ̀ àwọn ti àtijọ́ dàgbà sídìí ẹ̀rọ bíi BBC Micro, tí Acorn gbé jáde ní 1981. Bí o bá ti tan án, BASIC ló ń dúró dè ọ́. Èdè òkè ni BASIC, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ gan-an lèèyàn ti lè kọ àṣẹ tó ń lọ tààrà sínú 6502, ọpọlọ ẹ̀rọ náà. Òkè làwọn náà ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n kàn rí àtẹ̀gùn ni. Àtẹ̀gùn yẹn ni Upton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ dá padà pẹ̀lú Raspberry Pi ní 2012, ní dọ́là márùndínlógójì.

Àwa náà kúkú mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ta ló kọ́ fonọ́lọ́jì kó tó sọ Yorùbá? A ti ń pe gb tipẹ́ kí olùkọ́ tó sọ fún wa pé kọ́ńsónáǹtì kan ṣoṣo ni.

La bá sọ̀ kalẹ̀. A rí i pé nínú UTF-8, tí Ken Thompson (ọ̀kan nínú àwọn tó dá Unix sílẹ̀) àti Rob Pike ṣe ní 1992, báìtì mẹ́ta ni ọ ń gbà, j gba ẹyọ kan, àmì ohùn orí ọ kejì sì dá dúró, ó gba méjì tirẹ̀. Mẹ́sàn-án ni gbogbo rẹ̀. A tún rí i pé ẹlòmíràn a máa tẹ o lọ́tọ̀, kó tẹ àmì ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, ìyẹn ni ẹ̀rọ ṣe ń ka ọ̀rọ̀ kan náà bíi méjì nínú iṣẹ́ wa. Ó gbà wá tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. A ò tíì lè kọ èdè ẹ̀rọ o, a ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n a ti mú kí gbogbo ọ̀rọ̀ ní ìrísí kan náà, a sì kọ ìlà díẹ̀ tó ń fo àmì ohùn tó bá dá dúró. Ní báyìí, mẹ́ta ni ọjọ́, ọ̀rẹ́ wa sì ti ní ká fi kóòdù náà ránṣẹ́ sí òun.