Ohun tí Einstein kò sọ nípa ìmọ́lẹ̀

Ọ̀kan nínú ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì máa ń há sórí kó tó wọ gbọ̀ngàn ìdánwò nìyí: bí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ kò bá ti dé ìwọ̀n tó yẹ, kò lè yọ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù láéláé, bó ti wù kó mọ́lẹ̀ tó. Ká má parọ́, òfin náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní ìdì kéékèèké ni ìmọ́lẹ̀ ń wá, fótọ́ọ̀nù là ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, àwọ̀ ló sì ń pinnu agbára tó wà nínú ẹyọ kan. Oòrùn, gílóòbù àti àtùpà ò rú òfin yìí lọ́nà tí ojú lè rí. “Láéláé” yẹn ni àṣìṣe.

Wọ́n sì máa ń fi orúkọ Einstein ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Lóòótọ́, nínú iṣẹ́ tó gbé jáde ní 1905, ó ní èrò tó rọrùn jù ni pé kí ìdì agbára kan gbé gbogbo ohun tó ní fún ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan. Ṣùgbọ́n èyí tó rọrùn jù ló pè é, kò pè é ní ọ̀nà kan ṣoṣo. Nínú iṣẹ́ yẹn kan náà, níbi tó ti ń sọ̀rọ̀ lórí òfin Stokes nípa ìmọ́lẹ̀ tí nǹkan gbà tó sì tún tú jáde, ó fi àyè sílẹ̀: bí àwọn ìdì náà bá pọ̀ gan-an lójú kan, ó ṣeé ṣe kí mélòó kan pawọ́ pọ̀. Ó yani lẹ́nu bí àwọn tó ń dárúkọ rẹ̀ ṣe ń fo ibẹ̀ kọjá. Ní 1931, Maria Göppert-Mayer gbé ìṣirò bí átọ́mù ṣe lè gba fótọ́ọ̀nù méjì lẹ́ẹ̀kan náà jáde ní Jámánì.

Kí ló dé tí a ò wá fi í rí i tẹ́lẹ̀? Àjèjé ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí, ṣùgbọ́n ọwọ́ kejì tó bá dé lẹ́yìn tí ẹrù ti já bọ́ kò wúlò. Átọ́mù kì í fi fótọ́ọ̀nù tí kò tó pamọ́ de èkejì. Àfi kí wọ́n dé pọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi nílò lésà. Ní 1965, Voronov àti Delone ní Soviet tan lésà rúbì sí gáàsì sẹ́nọ́ọ̀nù. Fótọ́ọ̀nù rúbì kò ju 1.79 eV lọ (eV la fi ń wọn agbára níbí), sẹ́nọ́ọ̀nù sì ń bèèrè 12.13. Méje ló gbọ́dọ̀ pawọ́ pọ̀, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sì jáde. Àmì irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò fara sin: bí a bá sọ ìmọ́lẹ̀ di ìlọ́po méjì, iṣẹ́ fótọ́ọ̀nù méje yóò di ìlọ́po 128.

Àwọn kan gba èyí tán, wọ́n wá ní kò sí ìdí láti tún máa wá hàmóníìkì kiri, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tí agbára fótọ́ọ̀nù rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po ti lésà tó bí i, kí a ṣáà fi kún iná lésà. Òótọ́ ni pé lésà tó jẹ́ náńómítà 800, tí fótọ́ọ̀nù rẹ̀ jẹ́ 1.55 eV, lè yọ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù hílíọ́ọ̀mù, tó ń bèèrè 24.59. Mẹ́rìndínlógún la máa kà. Ṣùgbọ́n iná tó le tó bẹ́ẹ̀ ń tẹ ògiri tó ká ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mọ́ fúnra rẹ̀, ó sì lè gba àárín rẹ̀ yọ́ jáde. Onímọ̀ físíìsì Keldysh ti fi hàn láti 1964 pé orí méjì iṣẹ́ kan náà nìyí. Kíka fótọ́ọ̀nù níbẹ̀ ti di ìméfò.

Hàmóníìkì ló ń mú kí kíkà náà padà ní ìtumọ̀. Bí lésà líle bá wọ gáàsì, ìmọ́lẹ̀ tí agbára fótọ́ọ̀nù rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 3, 5, 7 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ ń jáde. Ní Saclay, ní Faransé, wọ́n rí i dé ìkẹtàlélọ́gbọ̀n nínú ágọ́ọ̀nù ní 1988. Ìkẹsàn-án lésà 800 yẹn jẹ́ 13.95 eV. Ọ̀kan kò tó fún hílíọ́ọ̀mù. Méjì tó, ó sì ṣẹ́kù. Ohun tí Kobayashi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lò ní Japan ní 1998 nìyẹn láti wọn bí ìtànná hàmóníìkì náà ṣe pẹ́ tó.

Àmọ́ ìkẹsàn-án kì í dá wá. Ìkẹtàdínlógún, tó jẹ́ 26.35 eV, lè dá yọ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù láìní olùrànlọ́wọ́, ẹni tí kò bá sẹ́ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dáadáa á sì máa pe iṣẹ́ ẹyọ kan ní iṣẹ́ méjì. Kò yẹ kí ó ṣòro láti mọ̀ wọ́n yàtọ̀: ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí méjì yọ ń gbé nǹkan bí 3.3 eV jáde, èyí tí ẹyọ ìkẹtàdínlógún kan yọ kò gbé ju 1.8 lọ.