Láti Ilé Ìkàwé dé Gbọ̀ngàn Ìdánwò

Ìwé ni ìtàn mi fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé ní Ẹ̀gùá, ní ilẹ̀ Yewa, àbúrò bàbá mi tí ó jẹ́ olùkọ́ a máa yá ìwé wá sílé láti ilé ìkàwé British Council ní Ìbàdàn. A fi ìwé ìròyìn bo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó tó gbé e lé wa lọ́wọ́. Wọ́n ti fi òǹtẹ̀ lu ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ dá a padà sínú rẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí ọjọ́ náà yẹ̀. N kò mọ̀ nígbà náà pé owó ìjọba ilẹ̀ òkèèrè ni ó gbé ìwé tí mò ń kà dé ìdí àtùpà wa.

Ọdún 1934 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá British Council sílẹ̀ láti tan èdè àti àṣà wọn kálẹ̀. Ní ọdún 1943, tí Ogun Àgbáyé Kejì ń jà lọ́wọ́, ó dé Nàìjíríà. Àwọn Jámánì náà dá Goethe-Institut sílẹ̀ ní ọdún 1951, ó sì ti wà ní Èkó láti ọdún 1962. Ohun kan náà ni wọ́n ń lépa: kí àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ mìíràn gbọ́ èdè wọn, kí wọ́n sì fi ojú rere wo orílẹ̀-èdè wọn. Kì í ṣe àánú lásán, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lówó ìwé jẹ àǹfààní rẹ̀.

Ibi tí èdè àjèjì méjì ti pàdé ni àwa ará Ẹ̀gùá wà. Kétu ni wá, ṣùgbọ́n ìlú Kétu gan-an wà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ lónìí, nítorí ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò lé lórí ní ọdún 1889. Nígbà tí àbúrò bàbá mi ń yá ìwé ní Ìbàdàn, ìbátan wa kan ní òdìkejì ń ka tirẹ̀ ní ilé àṣà àwọn Faransé ní Kútọnu. Bí ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó bá pa wọ́n pọ̀, Yorùbá ni ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ń ròyìn ohun tí ó kà fún ẹnì kejì.

Ìgbà ti yí padà. Láti ọdún 2011 ni Faransé ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ilé àṣà rẹ̀ ní Institut français, ti Kútọnu náà sì wà lára wọn. Ní ọdún 2023, Goethe-Institut kéde pé òun yóò ti ẹ̀ka mẹ́sàn-án pa, títí kan ti Washington. Ilé ìkàwé British Council ní Ìbàdàn sì ti di ìtàn. Owó tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń fún àjọ náà kò tó ìdá kan nínú márùn-ún owó tí ń wọlé fún un. Èyí tí ó pọ̀ jù ń wá láti inú kíkọ́ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìdánwò bíi IELTS, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1989. Nígbà tí àrùn Kòrónà ti àwọn gbọ̀ngàn ìdánwò ní ọdún 2020, owó gbẹ. Àjọ náà yá nǹkan bí 200 mílíọ̀nù pọ́n-ùn lọ́wọ́ ìjọba, ní ọdún 2021 a sì kéde pé yóò ti ọ́fíìsì rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè bí i 20.

Kí ni a pàdánù? Ẹni tí ó wọ ilé ìkàwé lè má mọ ohun tí ó ń wá. Ìwé kan ni yóò fà á mọ́ra. Ẹni tí ó wọ gbọ̀ngàn ìdánwò mọ ohun tí ó ń wá: ó fẹ́ rìnrìn àjò. Ilé ìkàwé ń gbé ayé wá bá ẹni tí ó jókòó sílé, ìdánwò sì ń ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí ó fẹ́ lọ. Ìwé wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò ní fóònù tàbí owó dátà kò lè dé ibẹ̀.

N kò bú àwọn àjòjì. Àlejò ni ó gbé àga rẹ̀ wá. Nígbà tí ó ń lọ, ó gbé e dání. Ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Nígbà kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè Faransé wa a máa lọ sí òkè òkun láti fi etí ara wọn gbọ́ èdè náà. Ní ọdún 1991, ìjọba Nàìjíríà dá Abúlé Èdè Faransé sílẹ̀ ní Àgbádárìgì, nítòsí ẹnubodè, kí wọ́n lè kọ́ ọ nílé.

Àwa Kétu sì ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí ń fi orin, ijó àti ẹ̀fẹ̀ kọ́ ọmọ ní ìjìnlẹ̀ èdè, tí kò sì mọ ààlà. UNESCO kéde rẹ̀ ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún tí Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò jọ ni. Ṣùgbọ́n Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò lè yá ọmọ ní ìwé ìṣirò. Yàrá kan ní Ẹ̀gùá, ní Ayétòrò tàbí ní Ìlaròó, tí ìwé Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jọ wà lórí pẹpẹ rẹ̀, yóò ṣe é. Kò dìgbà tí a bá dúró de Lọ́ńdọ̀nù tàbí Párísì. Bí olùkọ́ kan bá lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìwé kọ̀ọ̀kan wọ̀lú láti Ìbàdàn, ìlú tí ó pawọ́ pọ̀ lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.