Ẹbìtì, Ìjẹ àti Eku Ìlú: Ìtàn Tí Ó Wà Lẹ́yìn Òwe Kan

Ìfáàrà

Òwe kan wà tí àwa olùkọ́ Yorùbá fẹ́ràn láti fi dán akẹ́kọ̀ọ́ wò: ‘Ẹbìtì tí kò pa eku, kí ó fi ẹyìn fún ẹlẹ́yìn.’ Ìtumọ̀ tí a sábà máa ń rí gbà ni pé ẹni tí kò lè ṣe iṣẹ́ tí a gbé lé e lọ́wọ́, kí ó dá ohun tí ó gbà padà. Ìtumọ̀ náà tọ̀nà, a sì ń fún un ní máàkì. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ọmọ náà léèrè pé kí ni ẹyìn ń wá lábẹ́ ẹbìtì, ọ̀pọ̀ wọn ni kì í rí nǹkan wí. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé òwe náà fi bí àwọn baba wa ṣe ń díwọ̀n ohun tí wọ́n fi ń pa ẹran hàn wá, àti pé ìtàn ìgbógunti eku ní Èkó láti 1924 fi ibi tí ó yẹ kí á ti tún ìdíwọ̀n náà ṣe hàn.

Èyí tí ń dúró de ẹran àti èyí tí ń pe ẹran

Ọ̀nà méjì ni a lè pín àwọn ohun èlò wọ̀nyí sí. Èkíní ni èyí tí ń dúró de ẹran. Okùn tí àgbẹ̀ dẹ sí ojú ọ̀nà ọ̀yà kò nílò oúnjẹ kankan. Ipasẹ̀ ẹran ni ó ń sọ ibi tí a ó dẹ ẹ́ sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀fìn tí a gbẹ́, tí a sì fi ewé bò lójú.

Èkejì ni èyí tí ń pe ẹran, ibẹ̀ ni ẹbìtì sì wà. Òkúta pẹlẹbẹ tàbí igi wúwo ni a ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gbé dúró, a ó sì fi ẹyìn ṣe ìjẹ sí abẹ́ rẹ̀. Bí eku bá fa ẹyìn, igi a yẹ̀, ẹbìtì a sì ré lù ú. Òkúta ni ó ń pa eku, ṣùgbọ́n ẹyìn ni ó ń mú un wá. Ìdí nìyí tí òwe wa fi ka ẹyìn sí gbèsè tí ẹbìtì jẹ. Ẹran ọbẹ̀ àti irè oko tí eku kò rí jẹ mọ́ ni àgbẹ̀ fi ń san án.

Eku ní Èkó

Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, kò sì kásẹ̀ nílẹ̀ títí di nǹkan bí 1931. Pípa eku wá di ara iṣẹ́ ìmọ́tótó ìlú. Dókítà Isaac Ladipo Oluwole, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó di ọ̀gá àgbà ètò ìlera ìlú Èkó, wà lára àwọn tí ó jà fitafita, ó sì mú kí iṣẹ́ àwọn wolé-wolé múná sí i. Ní 1928 ni ìjọba dá ìgbìmọ̀ LEDB sílẹ̀ láti tún àwọn àdúgbò tí ó há gádígádí ṣe.

Ìṣirò ẹbìtì yí padà níbí. Kòkòrò amùjẹ̀ kéékèèké ara eku ni ó ń gbé àrùn náà wọ ara ènìyàn. Bí eku bá kú, tí ara rẹ̀ tutù, kòkòrò a fi í sílẹ̀, a sì wá ẹlẹ́jẹ̀ gbígbóná mìíràn lọ. Ẹbìtì a pa eku, kò ní pa kòkòrò ara rẹ̀. Májèlé ní ewu tirẹ̀, nítorí pé eku lè jẹ ẹ́ kí ó sì lọ kú sínú àjà níbi tí ojú kò tó. Ní ìlú, nígbà náà, pípa eku nìkan kò tó. A gbọ́dọ̀ rí òkú rẹ̀, kí á sì tètè palẹ̀ rẹ̀ mọ́ láìfi ọwọ́ lásán kàn án.

Ìjẹ pẹ̀lú gba ọgbọ́n. Eku ilé a máa fura sí ohun tuntun. Nítorí náà, ó dára kí á kọ́kọ́ gbé oúnjẹ sórí tàkúté láìdẹ ẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀, kí á sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ògiri níbi tí eku máa ń gbà. Ṣùgbọ́n bí gàrí àti àgbàdo bá wà ní ṣíṣí sílẹ̀ nínú ilé, kí ni eku yóò wá dé ìdí tàkúté? Bí ilé kan bá sì ń dẹ tàkúté tí ilé kejì ń da ààtàn sí ẹ̀yìnkùlé, eku ilé kejì yóò rọ́pò èyí tí ó kú.

Ibà Lassa

Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì di ìtàn àtijọ́. Ní 1969 ni a kọ́kọ́ dá ibà Lassa mọ̀, láti ara aláìsàn tí ó ti ìlú Lassa wá ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Eku kan tí ó máa ń wọ ilé ni ó ń gbé àrùn náà. Ó wà nínú ìtọ̀, ìgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Agbègbè Ọ̀wọ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára ibi tí ó ti ń pa ènìyàn jù. Ìwádìí lórí àwọn abúlé kan ní Guinea, tí ó jáde ní 2019, fi hàn pé pípa eku lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kò lè ká àrùn náà lápá kò. Eku a tún pọ̀ padà. Nítorí náà, ẹran ọbẹ̀ tí òwe wa kà sí èrè lè di ikú fún ẹni tí ó bá fi ọwọ́ lásán pa á lára.

Ìgúnlẹ̀

A kò sọ pé kí á pa òwe náà tì. Ohun tí a ń dá lábàá ni pé kí á kọ́ ọ pẹ̀lú ẹbìtì lójú: kí akẹ́kọ̀ọ́ ya ẹbìtì, kí ó tọ́ka sí ìjẹ, kí ó sì dáhùn ìbéèrè méjì. Ta ni ẹlẹ́yìn? Kí ni èrè rẹ̀? Ní oko, àgbẹ̀ kan ṣoṣo ni ẹlẹ́yìn, ẹran sì wà lára èrè rẹ̀. Ní ìlú, gbogbo àdúgbò ni ẹlẹ́yìn, ilé tí àrùn kò wọ̀ sì ni èrè wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lè ṣàlàyé ìyàtọ̀ yìí ti gbọ́ òwe náà yé.