Ìbòrí Rédà àti Omi Inú Igi

Kò sí ọmọ Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ tàbí Èmùrè tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ pé omi a máa ba igi jẹ́. Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀, tí ó gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn sí ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ láàrin 1910 sí 1914, mọ irú igi tí ń wú lójú òjò. Ọ̀ràn igi àti omi yìí kan náà ni ó da àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Amẹ́ríkà láàmú nígbà Ogun Àgbáyé Kejì.

Rédà a máa ju ìgbì rédíò síwájú, a sì máa gba èyí tí ó bá ta padà, bí gbohùngbohùn ti í dáhùn láti ara òkè Olósùnta. Áńtẹ́nà rẹ̀ kò lè wà ní gbangba ní imú ọkọ̀ òfuurufú. Dandan ni kí a bò ó. Ní 1941, ike tí ó mọ́ gaara ni wọ́n fi bo ti ọkọ̀ B-18A. Ní 1943 wọ́n bọ́ sórí pílàìwúùdù. Igi kì í dí ìgbì bí irin, ṣùgbọ́n ó ń mu omi, omi sì ń gbé agbára ìgbì mì ní àlọ, ó tún ń gbé e mì ní àbọ̀. Ní 1944 ni wọ́n ṣe ìbòrí onípele mẹ́ta ní MIT: fáíbà lóde àti nínú, ohun fífúyẹ́ láàrin.

Ǹjẹ́ omi wá tán nínú ọ̀ràn náà bí? Rárá o. Yìnyín, ẹyẹ tàbí mànàmáná lè lu fáíbà náà, kí omi gba ojú ihò bíńtín wọ ìpele àárín. Nígbà náà ni òjò ńlá yóò dà bí òjò wẹ́wẹ́ lójú awakọ̀, ìjì tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ a sì lè pòórá pátápátá. Àtúnṣe pàápàá lè di ìjàǹbá. Ìgbì rédà ojú ọjọ́ inú ọkọ̀ òfuurufú kò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 lọ; bí àlẹ̀mọ́ tàbí ọ̀dà bá nípọn jù, yóò yẹ ìgbì náà lọ́nà, ìjì apá ọ̀tún a sì dà bí ìjì iwájú. Kì í ṣe iṣẹ́ pánẹ́bítà ẹ̀bá ọ̀nà!

Pápákọ̀ òfuurufú Àkúrẹ́ kò jìnnà sí Ìkẹ́rẹ́. Ọkọ̀ òfuurufú sì kọ́kọ́ balẹ̀ sí ti Adó-Èkìtì ní oṣù kẹwàá 2022. Ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́ nígbà ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò ti fi ẹ̀mí rẹ̀ lé ìbòrí náà lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú ọ̀nà tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń yẹ̀ ẹ́ wò ni pé kí wọ́n fi owó ẹyọ kàn án jẹ́jẹ́, kí wọ́n sì tẹ́tí: ibi tí ó dára a dún ketekete, ibi tí ìpele rẹ̀ ti ṣí a dún bí igi tí ikán ti jẹ inú rẹ̀.